Ìwádìí Kì í Ṣe Iṣẹ́ Ọdún Ìkẹyìn

 

Àwọn tó gbé iṣẹ́ yìí lé mi lọ́wọ́ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ohun tó yẹ ká ṣe kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ òwò ní yunifásítì wa tó lè ṣe ìwádìí tó yẹ oyè Honours. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ibi tí mo dúró sí. Iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá, èyí tí tọmọdé tàgbà ń pè ní project, ń mẹ́hẹ nítorí pé ọdún kẹrin la ti ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọdún mẹ́ta gbáko la fi ń kọ́ ọmọ láti dáhùn ìbéèrè tí ẹlòmíràn bi í. Nígbà tó bá wá ku oṣù díẹ̀ kó jáde, a ó ní kó lọ wá ìbéèrè tirẹ̀ wá. Níbo ni yóò ti rí i?

Ní Australia, ẹni tó ń lé oyè Honours sábà máa ń fi ọdún mẹ́ta gba oyè àkọ́kọ́, yóò wá fi odidi ọdún kan lé e, kó lè gbájú mọ́ ìwádìí. Ní South Africa, Honours dá dúró gẹ́gẹ́ bí oyè ọlọ́dún kan lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́. Tiwa ní Nàìjíríà kò rí bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì la ti gba ètò wa, láti 1948 tí wọ́n ti dá University College sílẹ̀ ní Ìbàdàn lábẹ́ Yunifásítì ti Lọ́ńdọ̀nù. B.Sc. (Honours) tí akẹ́kọ̀ọ́ wa ń gbà, inú ọdún mẹ́rin náà ló wà. Kò sí ọdún àfikún kankan. Project há sáàárín kíláàsì, ìdánwò àti wàhálà àtijáde. Tí ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì bá tún wọ̀ ọ́, irú èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejì 2022 tí kò sì parí títí di oṣù Kẹwàá, ohun tó yẹ ká fi ọdún kan ṣe di ohun tí a ń fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan sáré ṣe. Nítorí náà, ẹni tí kò bá fi ọdún kìíní, ìkejì àti ìkẹta múra kò ní ìgbà mìíràn tí yóò fi múra.

Gbogbo wa la mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ á wá orí ọ̀rọ̀ kan: ipa tí ìpolówó ń kó nínú ọjà títà, tàbí ipa tí ìwúrí ń kó nínú iṣẹ́ òṣìṣẹ́, á wá fi orúkọ ilé iṣẹ́ ńlá kan tì í lẹ́yìn. Kò wọ ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ náà rí. Orí kejì á kún fún Lágbájá sọ báyìí, Tàmẹ̀dù sọ báyìí, láìsí ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ti ní Lágbájá àti Tàmẹ̀dù kò fohùn ṣọ̀kan, ẹ jẹ́ ká wo ẹni tó jàre. Ìwé ìbéèrè á di títẹ̀. Àwọn kan á pín in lóòótọ́. Àwọn kan á jókòó sínú yàrá họ́sítẹ́ẹ̀lì, wọ́n á fi bíírò dúdú kún àádọ́ta, wọ́n á fi búlúù kún àádọ́ta mìíràn. Ìṣirò á wáyé ní ilé ìtẹ̀wé tó wà lẹ́yìn géètì, lọ́wọ́ ẹnì kan tí kò mọ ohun tí wọ́n ń wádìí.

N kò gbà pé ọ̀lẹ ni àwọn ọmọ wọ̀nyí. Ọmọ tó ń ta dátà àti bàtà lórí WhatsApp láti fi san owó ilé kì í ṣe ọ̀lẹ. Ohun tí a fi kọ́ ọ ló ń ṣe. Láti ọdún kìíní ló ti ń há àwọn ìlànà ìṣàkóso mẹ́rìnlá tí Henri Fayol kọ ní 1916 sórí, ó sì lè kà wọ́n láìṣìnà. A kò rán an lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù kankan rí kó lọ wò bóyá ẹnikẹ́ni ń tẹ̀ lé ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn.

Ẹ jẹ́ kí n mú ohun kan tí kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni nínú gbọ̀ngàn yìí: àjọ ojoojúmọ́. Alájọ ń yí ọjà ká, ó ń gba owó lọ́wọ́ oníṣòwò, ó ń sàmì sínú káàdì. Tí oṣù bá parí, á kó owó fún olówó, á sì yọ owó ọjọ́ kan sílẹ̀ fún ara rẹ̀. Ẹni tó bá ń dá ẹgbẹ̀rún náírà kan lójúmọ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́ yóò gba ₦29,000. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Ẹni náà fi owó pamọ́, owó rẹ̀ sì dín. Báńkì tó wà ní òdìkejì títì ṣetán láti fi èlé díẹ̀ lé e. Kí ló wá dé tí ìyá aláta fi ń sanwó fún ẹni tó ń bá a tọ́jú owó rẹ̀?

Ìbéèrè nìyẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní lè lóye rẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n sì lè fi ọdún mẹ́wàá wá ìdí rẹ̀.

Ẹ gbé e síwájú kíláàsì kan, ẹ ó rí i bí ìdáhùn yóò ṣe máa jáde. Ọ̀kan á ní nítorí pé alájọ ń wá bá ìyá náà nídìí igbá ni; tó bá lọ tò sí báńkì, oníbàárà á lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Èkejì á ní rárá, ẹbí ló fà á: owó tó bá wà nílé, wọn á wá yá a, ṣùgbọ́n owó tó bá wà lọ́wọ́ alájọ, ìyá náà lè sọ láìparọ́ pé kò sí lọ́wọ́ òun. Ẹ̀kẹta á ní ìyá náà mọ ara rẹ̀, ó mọ̀ pé tí ẹnì kan kò bá máa wá gbà á lójoojúmọ́, òun yóò ná an. Ẹ̀kẹrin á ní ojú ẹ̀yáwó ló ń wò, pé lọ́jọ́ tí ìṣòro bá dé, alájọ lè yá òun lówó ju èyí tí òun ti dá lọ. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló bọ́gbọ́n mu. Ibẹ̀ ni kíláàsì wa sì máa ń dúró sí. A ó kọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sójú pátákó, a ó pè wọ́n ní àwọn ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń dájọ, a ó fún ọmọ ní máàkì, ó parí.

Bẹ́ẹ̀ ìwádìí ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni. Tó bá jẹ́ pé àìráàyè lọ sí báńkì ló fà á, kí ló yẹ ká rí lọ́jà? Ó yẹ ká rí i pé ìyá tí oní-POS wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ rẹ̀ ti ń fi àjọ sílẹ̀, nígbà tí ẹni tí POS jìnnà sí kò tíì fi í sílẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹbí ni, POS kò ní yí nǹkan kan padà. Ẹni tó ní àkáǹtì, tó ń fi owó ránṣẹ́ láti orí fóònù rẹ̀, á ṣì máa dájọ, pàápàá tí àwọn tó ń wojú rẹ̀ bá pọ̀. Tó bá jẹ́ pé ó ń lo alájọ láti fi kó ara rẹ̀ níjàánu ni, a ó máa retí pé alájọ tó le, tí kì í jẹ́ kéèyàn gba owó kí oṣù tó pé, ni yóò yàn. Tó bá sì jẹ́ ẹ̀yáwó ni, ẹ lọ wo àwọn tó ti yá owó lọ́wọ́ alájọ rí, ẹ wò ó bóyá àwọn ló ń pẹ́ jù lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìdáhùn mẹ́rin ti wá di ohun mẹ́rin tí a lè fojú rí, tí èyíkéyìí nínú wọn sì lè já sí irọ́.

Ohun tí mo ń pè ní ìmúrasílẹ̀ nìyẹn gan-an: kí ọmọ lè mú ohun tí gbogbo ènìyàn rò pé àwọn mọ̀, kó béèrè ohun tí ojú yóò rí bó bá jẹ́ òótọ́, àti ohun tí ojú yóò rí bó bá jẹ́ irọ́. Iye ìwé tó kà, bí ìṣirò rẹ̀ ṣe le tó, bí wọ́n ṣe di project rẹ̀ ní páálí tó dáa, gbogbo rẹ̀ ń tẹ̀ lé e ni. Ọmọ tí kò bá lè ṣe ti àkọ́kọ́ yìí, ohun èlò tí a ó fún un láti fi ṣe àwọn yòókù kò ní wúlò fún un.

Ẹ tún rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023. Central Bank ti kéde ní oṣù Kẹwàá 2022 pé àwọ̀ igba, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àti ẹgbẹ̀rún náírà yóò yí padà. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejì 2023, owó ti dàwátì. Àwọn ènìyàn ń sùn sí ẹnu ATM. Ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ tó ní kí a máa ná owó àtijọ́ lọ títí di ìparí ọdún náà. Láàárín àkókò yẹn, kí ni alájọ ṣe, ẹni tí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ dá lórí owó ọwọ́? Ṣé ó gbà kí wọ́n máa fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì òun? Ṣé ó sinmi? Lẹ́yìn tí owó padà dé, ta ni kò padà sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́? Irú àkókò bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n, tí ohun kan ń yí padà lẹ́ẹ̀kan náà fún gbogbo ọjà láìjẹ́ pé oníṣòwò kankan ló yàn án. Olùwádìí níbi gbogbo lágbàáyé a máa wá a kiri. Tiwa wáyé lójú wa, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa sì wà lórí ìlà pẹ̀lú àwọn ìyá wọn. Ká ní a ti kọ́ wọn láti máa mú ìwé kékeré kan dání, kí wọ́n máa kọ ohun tí wọ́n rí, iye tí oní-POS ń gbà kó tó fúnni ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún, ohun tí alájọ sọ fún ìyá wọn, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìwé bẹ́ẹ̀ ì bá wà lọ́wọ́ wa lónìí. Ó dùn mí pé kò sí.

Kíkọ́ ìmọ̀ láti inú ohun kékeré tó wà lọ́jà wa, bí mo ṣe ń sọ yìí, kì í ṣe tuntun. Samuel Johnson mẹ́nu ba èsúsú, àṣà ìdáwójọ tó fara jọ àjọ, nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó parí ní 1897, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921. William Bascom, ará Amẹ́ríkà, wá gbé ní Ifẹ̀ ní 1937 sí 1938, ó sì kọ odidi àpilẹ̀kọ kan lórí èsúsú nìkan ní 1952. Niara Sudarkasa, ọmọ adúláwọ̀ Amẹ́ríkà tí orúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ń jẹ́ Gloria Marshall, wá sí Awẹ́ lẹ́bàá Ọ̀yọ́, ó wo àwọn obìnrin tó ń ṣòwò, ní ilé àti ní ọjà. Ìwé tó jáde láti inú iṣẹ́ náà ní 1973 ṣì wà lọ́wọ́ àwọn onímọ̀ títí dòní. Ní 1965, Peter Kilby kọ ìwé kan lórí búrẹ́dì ní Nàìjíríà. Búrẹ́dì péré o. Láti inú búrẹ́dì ló ti wo bí oníṣòwò ṣe ń darí òṣìṣẹ́, bó ṣe ń lo ẹ̀rọ, àti ìdí tí àwọn kan fi ń gòkè tí àwọn kan fi ń kógbá sílé. Nínú ìtàn búrẹ́dì náà la ti ń bá Amos Shackleford pàdé, ọmọ Jàmáíkà tó wá ṣiṣẹ́ ní rélùwéè tó sì wá di ọba oníbúrẹ́dì l'Ékòó.

Ẹ wo bí ohun tí wọ́n gbé dání ṣe kéré tó: èsúsú, obìnrin ìlú kan, búrẹ́dì. Akẹ́kọ̀ọ́ wa a máa bẹ̀rù pé orí ọ̀rọ̀ tó bá kéré kò ní jọ iṣẹ́ yunifásítì, á wá gbé èyí tó fẹ̀ bí òkun, tí kò sì ní ìsàlẹ̀. Ohun tó ká mi lára jù ni pé ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń ta aṣọ ní ọjà Gbági ní Ìbàdàn ní ohun tí Bascom rin ìrìn àjò gbọọrọ wá. Ó gbọ́ èdè náà. Wọ́n mọ̀ ọ́n nínú ìsọ̀ mẹ́wàá. Ó lè jókòó láti àárọ̀ títí di alẹ́ láìsí ẹni tí yóò bi í léèrè ohun tó ń wá. Ó sì fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ láti lọ kọ̀wé nípa ilé iṣẹ́ tí kò ní fèsì lẹ́tà rẹ̀.

Àmọ́ ọmọ ọjà ní ewu tirẹ̀. Ẹni tó gbọ́ èdè ọjà lè rò pé òun ti mọ ọjà. Kó tó lọ bá ẹnikẹ́ni, ó yẹ kó kọ ìdáhùn tó rò pé ìyá rẹ̀ máa fún un sílẹ̀, kó wá lọ bi ìyá náà, kó gbé méjèèjì kalẹ̀ síra wọn. Olùkọ́ tó bá fún kíláàsì ní iṣẹ́ yìí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò ní nílò láti ṣàlàyé ìdí tí a fi ń ṣe ìwádìí mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ Yamane, nítorí kò sí project tí orúkọ ọkùnrin náà kò sí níbẹ̀. Taro Yamane kọ ìwé ìṣirò kan ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn. Láti mọ iye ènìyàn tó yẹ ká bi léèrè, ìlànà tí a mú nínú rẹ̀ ní kí a fi àṣìṣe tí a fàyè gbà sọ iye gbogbo ènìyàn di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí a ro ọ̀kan mọ́ èyí tó bá jáde, kí a wá fi àròpọ̀ náà pín iye gbogbo ènìyàn. Tí a bá fàyè gba àṣìṣe ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, 500 ènìyàn á fún wa ní 222. 10,000 á fún wa ní 385. Mílíọ̀nù kan kò ní ju 400 lọ. Kò sí ohun tó ṣe ìlànà náà. Àwa la gbàgbé ohun tó ń béèrè. Ó ń béèrè ìwé tí orúkọ gbogbo ènìyàn wà nínú rẹ̀, kí a sì ṣẹ́ gègé láti inú rẹ̀ débi pé kò sí orúkọ tí ààyè rẹ̀ ju ti èkejì lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ wa á ṣírò 385 dé orí, á wá lọ sí ọjà, á fún ẹni tó bá rẹ́rìn-ín sí i. Láti ìgbà yẹn, 385 ti di nọ́ńbà lásán. Ní tèmi, mo fara mọ́ ogójì ènìyàn tí a yàn láti inú ìwé orúkọ ju irínwó tí a kó jọ lójú ọ̀nà.

Ìwé orúkọ sì wà tí a bá wá a. Ẹgbẹ́ àwọn aránṣọ mọ àwọn ọmọ iṣẹ́ tó parí ẹ̀kọ́ṣẹ́, tí wọ́n gba fríídọ̀ọ̀mù, lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Wọ́n jẹun níbi ayẹyẹ náà, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ká ní ọgọ́rin ọmọ iṣẹ́ ló gba fríídọ̀ọ̀mù ní ìjọba ìbílẹ̀ kan lọ́dún náà. Mélòó ló ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ lónìí? Mélòó ló ń bá ẹlòmíràn ránṣọ? Mélòó ló ti di ọlọ́kadà? Kí ló dá ẹni tí kò ní ṣọ́ọ̀bù dúró: owó ẹ̀rọ ni, owó ilé ni, àbí iná mànàmáná? Ọgọ́rin ènìyàn, akẹ́kọ̀ọ́ kan lè lọ bá gbogbo wọn láìlo ìlànà Yamane rárá. Iṣẹ́ oṣù méjì ni, owó ọkọ̀ sì ni ìnáwó rẹ̀. Archibald Callaway ti kọ̀wé nípa àwọn ọmọ iṣẹ́ ní Ìbàdàn láàárín ọdún 1960 sí 1970. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbé iṣẹ́ ti òní kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiẹ̀ ti ṣe ohun tó tọ́ sí oyè Honours, ẹgbẹ́ aránṣọ pàápàá á fẹ́ kà á.

Bí a ṣe ń wọ ọjà náà jẹ́ ẹ̀kọ́. Ọ̀dọ́ tó bá dé lọ́jọ́ ọjà, ní ọwọ́ àárọ̀ tí wọ́n ń já ẹrù, tó na ìwé síni tó ní kí wọ́n bá òun kún un, ti pàdánù kó tó lanu. Ìyálọ́jà la kọ́kọ́ ń lọ rí. Lẹ́yìn náà ni ìkúnlẹ̀ nídìí igbá: "Ẹ kú ọjà o, mà. Ajé á wọgbá o." Ìyá á dáhùn, á sì béèrè ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀: "Ọmọ mi, ṣé kì í ṣe káńsù ló rán ẹ wá?" Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni láti béèrè. "Rárá o, mà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí. N kò ní kọ orúkọ yín sílẹ̀, n kò sì ní sọ iye tí ẹ ń pa fún ẹnikẹ́ni. Tí ẹ kò bá sì fẹ́ dáhùn èyíkéyìí, ẹ lè ní kí n fò ó, mà." Ìlérí ni gbólóhùn yẹn o, ó sì gbọ́dọ̀ ṣẹ. Láti 2023 ni Nàìjíríà ti ní òfin tó dá lórí ààbò ìsọfúnni ènìyàn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ju òfin lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti èrè ojoojúmọ́ ogójì obìnrin sínú fáìlì kan, tó sì gbàgbé rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà ilé ìtẹ̀wé, ti fi wọ́n lé ọwọ́ ẹni tí kò mọ̀. Nọ́ńbà ló yẹ kó fún oníkálùkù wọn, kí ìwé orúkọ wà níbòmíràn.

Ìbéèrè fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ìwé ìbéèrè la fi Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ á wá máa túmọ̀ rẹ̀ nídìí igbá, bó ṣe túmọ̀ rẹ̀ fún ẹni kìíní kọ́ ni yóò ṣe túmọ̀ rẹ̀ fún ẹni kẹwàá. Ká kọ ọ́ ní Yorùbá láti ilé, ká fún ẹlòmíràn kó dá a padà sí Gẹ̀ẹ́sì, ká wo ibi tí méjèèjì ti yàtọ̀, ká dán an wò lára ènìyàn mẹ́fà kí a tó gbé e lọ sí ọjà. Òṣùwọ̀n tí Rensis Likert gbé jáde ní 1932, tí a fi ń béèrè bóyá ènìyàn gbà gidigidi, gbà, tàbí kò gbà, wúlò níbi tó bá ti wúlò. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà tí ọmọ ọlọ́wọ̀ kan kúnlẹ̀ bi ní "Ṣé ẹ gbà pé àjọ dára?" á ní òun gbà, kí inú ọmọ lè dùn. Ẹ bi í ní ohun tó ṣe: ìgbà wo lẹ gba àjọ gbẹ̀yìn, kí lẹ fi rà, ta lẹ sọ fún? Ìdáhùn irú èyí ni a lè gbára lé.

Láti ìparí 2022 tí ChatGPT ti jáde, àwọn olùkọ́ kan ti ń sọ pé project ti kú. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Orí kejì tí a mọ̀ ọ́n sí ló kú, kí ó sinmi ní àlàáfíà. Ẹ̀rọ náà lè to ọ̀rọ̀, ó sì lè dá orúkọ ìwé tí kò sí láyé sílẹ̀ pẹ̀lú ìdánilójú, èyí tó jẹ́ kó pọn dandan pé kí akẹ́kọ̀ọ́ fojú ara rẹ̀ rí gbogbo ìwé tó bá tọ́ka sí. Kò lè lọ sí ọjà Bódìjà. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ bá wá gbèjà iṣẹ́ rẹ̀, kí a béèrè ìwé kékeré tó mú lọ sí ọjà, pẹ̀lú ọjọ́, àṣìkọ, ọ̀rọ̀ tó fi ìlà pa rẹ́, àti ìsọfúnni tí kò tíì ṣírò. Kí a fún ìyẹn ní máàkì tó ju ti páálí lọ.

Mo mọ ohun tí àwọn olùkọ́ máa sọ: akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ lọ́wọ́ àwọn. Òótọ́ ni, ó sì ń dá wọn lágara. Ẹ jẹ́ kí alábòójútó kan mú ìbéèrè kan, kó pín in fún akẹ́kọ̀ọ́ méjìlá: ọ̀kan ní Bódìjà, ọ̀kan ní Òjé, ọ̀kan ní Dùgbẹ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni gbogbo wọn á pàdé. Oníkálùkù á kọ tirẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n á máa ka ti ara wọn, wọ́n á máa bi ara wọn léèrè. Wákàtí méjì á ṣe ohun tí ìpàdé kọ̀ọ̀kan lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò lè ṣe láéláé, ìlú a sì ní ìmọ̀ lórí ọjà méjìlá dípò ọ̀kan.

Àyè sì wà fún un. Nínú ètò ẹ̀kọ́ tuntun tí NUC, àjọ tó ń mójú tó yunifásítì ní Nàìjíríà, gbé jáde ní ìparí 2022, ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún wà lọ́wọ́ yunifásítì kọ̀ọ̀kan láti fi ohun tó bá wù ú sí. A kò nílò àṣẹ láti Àbújá kí a tó fi ìwádìí sí ọdún kìíní. Kí ọmọ ọdún kìíní máa wo òwò kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, kó máa kọ ohun tó rí láìdá sí i. Ní ọdún kejì, kó fi iye tí òun fúnra rẹ̀ kà kọ́ ìṣirò, kó má ṣe jẹ́ nọ́ńbà inú ìwé ará òkèèrè. Ní ọdún kẹta, kí ó tún iṣẹ́ àtijọ́ kan ṣe ní kékeré, irú ti Sudarkasa ní Awẹ́, kó wo ohun tó ti yí padà àti ohun tí kò yí padà. Ẹni tó bá ṣe mẹ́ta yìí kò ní bẹ̀rù ọdún kẹrin. Tí kò bá tilẹ̀ ka ìwé mọ́ lẹ́yìn oyè yìí, tó lọ ṣiṣẹ́ ní báńkì tàbí tó dá òwò tirẹ̀ sílẹ̀, ó ti mọ bí a ṣe ń yẹ ohun tí gbogbo ènìyàn ń sọ wò kó tó fi owó lé e lórí.

Ẹ̀yin oníṣòwò tó wà níbí, mo fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ yín: tí ọmọ kan bá dé ìsọ̀ yín pẹ̀lú ìwé kékeré, ẹ fún un ní ìdajì wákàtí, kí ẹ sì ní kó padà wá sọ ohun tó rí fún yín. Tí kò bá padà wá, ẹ fi ẹjọ́ sun ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má dúró de ọdún kẹrin. Ẹ̀yin olórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́, àwọn project tó kún yàrá yín láti ọdún pípẹ́, ẹ yan èyí tó dára nínú wọn, ẹ gbé e sí ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ àti ọlọ́jà lè rí i kà. Sáà tó ń bọ̀ ni kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ọdún kìíní ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.